Owó Tí A Ń Kà Lọ́wọ́: Ǹjẹ́ Ìgbà Rẹ̀ Ti Kọjá?

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ohun kan tí kò sí ilé tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í wọ̀, àní owó. Àwọn ọ̀dọ́ wa a máa wí pé ayé owó bébà ti ń parí lọ, pé ẹni tí ó bá ní fóònù lọ́wọ́ àti àkáùntì ní báńkì kò tún nílò láti máa so owó mọ́ etí aṣọ. Àwọn àgbà wa a sì máa dá wọn lóhùn pé owó tí ojú kò rí, tí ọwọ́ kò sì kà, kì í ṣe owó. Àwa kò fẹ́ gbè sẹ́yìn ẹnì kan kí a tó gbọ́ ti ẹnì kejì, nítorí agbẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà wò láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, kí a sì mọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe nínú ilé wa, nínú ọjà wa, àti nínú ẹgbẹ́ wa gbogbo.

Kí a má ba à ṣi ara wa gbọ́, ẹ jẹ́ kí a là á yé ara wa pé, nígbà tí a bá wí pé owó ọwọ́, ohun tí a ń sọ ni owó bébà àti owó onírin tí a ń kà, tí a sì ń fi lé ara wa lọ́wọ́. Nígbà tí a bá wí pé owó orí ẹ̀rọ, ohun tí a ń sọ ni owó tí a kọ sínú ìwé báńkì, tí a ń fi fóònù, tàbí káàdì, tàbí ẹ̀rọ POS gbé láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, láìjẹ́ pé bébà kankan kúrò lójú kan.

I. OWÓ TI Ń PÀÀRỌ̀ AṢỌ LÁTI ỌJỌ́ PÍPẸ́

Kì í ṣe òní ni owó bẹ̀rẹ̀ sí pààrọ̀ aṣọ. Owó ẹyọ ni àwọn baba ńlá wa ná. Wọ́n a máa sín in sókùn ní ogójì-ogójì. Okùn márùn-ún di igba, àádọ́ta okùn di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì di ọ̀kẹ́ kan, èyíinì ni 20,000 ẹyọ nínú àpò kan, ẹrù tí ó tó alárù kan í rù. Títí di òní olónìí, nígbà tí a bá fi èdè wa ka iye ńlá, ọ̀kẹ́ ni a ń dá, bẹ́ẹ̀ sì ni àpò owó ẹyọ náà ni a ń dárúkọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú wa kò fi ojú rí i rí.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dé, owó fàdákà tẹ̀ lé e wá. Ní ọdún 1904 a fi òfin de kíkó owó ẹyọ wọ ilẹ̀ Gúúsù Nàìjíríà. Ní ìwọ̀n ọdún 1908 ni ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin gba Ọ̀ffà wa yìí kọjá lọ sí ìhà Òkè Ọya, owó fàdákà sì bá a rìn, nítorí òun ni a fi ń san owó iṣẹ́ fún àwọn tí ń la ọ̀nà náà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà náà, nítorí ó ní ẹ̀kọ́ nínú. Owó fàdákà dára fún ẹni tí ń ra ìgàn aṣọ tàbí tí ń san owó orí. Kò dára fún ẹni tí ń ra ata díẹ̀ àti iyọ̀ ìṣà ọbẹ̀ kan. Ẹyọ rẹ̀ tí ó kéré jù tóbi ju ohun tí tálákà fẹ́ rà lọ. Nítorí náà ni owó ẹyọ kò ṣe tètè kúrò ní ọjà wa, bí ìjọba tilẹ̀ ń lé e. Ìjọba fúnra rẹ̀ rí i pé ó di dandan kí òun ṣe owó kékeré, wọ́n sì mú àníní jáde, èyí tí mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ kan. Wọ́n sì dá ihò sí i láàrin, kí àwọn ènìyàn lè sín in sókùn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń sín owó ẹyọ.

Ní ọdún 1912 a dá Ìgbìmọ̀ Owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, ní ọdún 1916 ni ìgbìmọ̀ náà sì mú owó bébà wá. Púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn kò fẹ́ gbà á. Wọ́n wí pé iná lè jó o, ikán lè jẹ ẹ́, òjò sì lè rin ín, nígbà tí sílè fàdákà kò bẹ̀rù ọ̀kankan nínú wọn. Síbẹ̀ a gbà á nígbẹ̀yìn, ó sì mọ́ wa lára. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1973, náírà àti kọ́bọ̀ rọ́pò pọ́n-ùn àti sílè. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1984, ìjọba ológun pa àwọ̀ owó bébà dà, wọ́n ti ẹnubodè, wọn kò sì fún àwọn ènìyàn ju ọjọ́ díẹ̀ lọ láti pààrọ̀ èyí tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 2005 ni bébà ₦1,000 jáde.

Kí ni a rí kọ́ nínú ìtàn yìí? A rí ohun méjì. Èkíní ni pé, ẹni tí ń fi owó orí ẹ̀rọ ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí ń sọ ọ̀rọ̀ tí àwọn baba wa sọ sí owó bébà ní ọdún 1916, kí ó sì ṣọ́ra kí ayé má ba à fi í sílẹ̀. Èkejì ni pé, owó titun kì í lè lé owó àtijọ́ lọ nítòótọ́ títí yóò fi lè ṣe gbogbo iṣẹ́ tí ti àtijọ́ ń ṣe, pàápàá jù lọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún ẹni tí ń ra nǹkan kékeré. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni a óò fi wọn gbogbo ìyókù.

II. RERE TÍ OWÓ ORÍ Ẹ̀RỌ TI ṢE FÚN WA

Ó yẹ kí a fi òtítọ́ fún ẹni tí òtítọ́ tọ́ sí. Ní ọdún 2012 ni Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò dídín ìnáwó ọwọ́ kù ní Èkó. Ní ọdún 2014 wọ́n sọ ọ́ di ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Láti ìgbà náà ni ohun púpọ̀ ti rọrùn. Òbí tí ó wà ní Èkó tàbí ní Kano lè fi owó ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Ilé Ẹ̀kọ́ Gíga Poli ti Ìjọba Àpapọ̀ tí ó wà ní ìlú wa, kí ọmọ náà sì rí i gbà kí omi tí a gbé kaná tó hó. Oníṣòwò tí ń ra ọjà láti ọ̀nà jíjìn kò tún ní láti di owó mọ́ ikùn kí ó máa fi ẹ̀rù sùn nínú ọkọ̀. Ní ilẹ̀ Kenya, níbi tí ètò M-Pesa ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2007, àwọn tí kò ní báńkì nítòsí rárá ti ń fi fóònù kékeré ránṣẹ́ owó sí ara wọn.

Àwa ará Ọ̀ffà tún ní ìdí kan tí a kò fi lè sọ pé owó ọwọ́ kò léwu. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 2018, àwọn adigunjalè wọ ìlú wa. Wọ́n kọlu àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì fọ́ àwọn báńkì wa kan lẹ́yìn òmíràn. Àwọn tí ó kú ju 30 lọ. Àwọn ọlọ́pàá wà nínú wọn, àwọn tí wọ́n kàn wá gba owó tiwọn ní báńkì wà nínú wọn, àwọn tí ń kọjá lọ sì wà nínú wọn pẹ̀lú. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìpínlẹ̀ Kwara dá ẹjọ́ ikú fún ọkùnrin márùn-ún nínú ọ̀ràn náà. Kò sí ẹni tí ó wà ní ìlú yìí ní ọjọ́ náà tí ó nílò kí a máa kọ́ ọ pé ibi tí owó bá gbé kóra jọ, ibẹ̀ ni olè ń tọ̀ lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wí fún wa pé ó sàn kí owó kékeré ni ó wà nílẹ̀, kí èyí tí ó pọ̀ wà lórí ẹ̀rọ, kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀, a sì ní láti gbọ́ tirẹ̀.

III. ÌDÁNWÒ TI ỌDÚN 2023

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, èéṣe tí a kò kúkú fi owó ọwọ́ sílẹ̀ pátápátá? A kò ní láti máa méfò lórí ìbéèrè yìí, nítorí a ti gbìyànjú rẹ̀ wò, ojú wa sì rí i.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Ọ̀gbẹ́ni Godwin Emefiele, tí í ṣe Gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, kéde pé a óò pa àwọ̀ bébà ₦200, ₦500, àti ₦1,000 dà. Ó wí pé nínú tírílíọ̀nù 3.23 náírà tí ó wà lóde, tírílíọ̀nù 2.73 ni kò sí nínú àpótí báńkì. Bébà titun bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá. A sì fi òpin sí ìnáwó ti àtijọ́ ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2023, lẹ́yìn náà a sún un sí ọjọ́ 10 oṣù Kejì. Láti ọjọ́ 9 oṣù Kìíní náà, ẹnì kan kò lè gbà ju ₦500,000 lọ lọ́sẹ̀ láìsan owó ìtanràn. Ìdí tí a sọ fún wa dára létí: láti mú owó padà sí báńkì, láti dá àwọn ajínigbé lọ́wọ́ kọ́, àti láti fa àwọn ènìyàn sí orí ẹ̀rọ.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Àwọn ènìyàn gbé bébà àtijọ́ lọ sí báńkì gẹ́gẹ́ bí a ti ní kí wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n bébà titun tí ó yẹ kí wọ́n gbà padà kò tó. Ní oṣù Kejì, iye owó tí ó wà lóde ti wálẹ̀ sí bílíọ̀nù 982 náírà, kò tó ìdá mẹ́ta èyí tí ó wà tẹ́lẹ̀. Gbogbo ìlú sì rọ́ lọ sí orí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí ọjà kan gbogbo bá fẹ́ gba afárá igi kan ṣoṣo kọjá. Ẹ̀rọ kò lè gbà á. Owó á kúrò ní àkáùntì ẹni tí ó san án, kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a san án fún. Ẹni méjì tí wọn kò jalè yóò sì máa wo ara wọn bí olè. Níbi POS, ẹni tí ó fẹ́ gba ₦10,000 ń san ₦2,000, àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ibòmíràn. Owó wá di ọjà, a ń fi owó ra owó. Inú bí àwọn ènìyàn ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, ní Benin, àti ní ìlú mìíràn títí ó fi di rògbòdìyàn.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 2023, lórí ẹjọ́ tí Ìpínlẹ̀ Kaduna, Kogi àti Zamfara pè ṣáájú, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pàṣẹ pé kí a máa ná bébà àtijọ́ títí di ìparí ọdún náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n tún pàṣẹ pé kí a máa ná ti àtijọ́ àti ti titun pọ̀ láìfi ọjọ́ sí i. Nígbà tí ọdún 2024 fi parí, owó tí ó wà lóde ti ju tírílíọ̀nù 5 lọ. Ẹ kíyè sí i: àwọn ènìyàn kò sá fún ẹ̀rọ, nítorí àwọn tí ń lò ó pọ̀ sí i ju ti ìgbàkigbà rí lọ, ṣùgbọ́n wọ́n tún di owó ọwọ́ mú. Ẹni tí ebi ti pa lójú àpótí báńkì rí kì í tún fi gbogbo owó rẹ̀ sínú rẹ̀.

Ta ni ìyà náà jẹ jù? Kì í ṣe ẹni tí ó ní àkáùntì mẹ́ta àti fóònù méjì. Ìyá arúgbó tí ń ta ata wẹ́wẹ́ ní Ọjà Ọ̀wọ́dé ni, tí ata rẹ̀ ń rà lójú rẹ̀ nítorí àwọn oníbàárà ní owó ṣùgbọ́n wọn kò ní bébà. Alágbàṣe ni, ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ òòjọ́ kí ó tó jẹun alẹ́. Aláìsàn ni, tí owó ọkọ̀ dé ilé ìwòsàn kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ètò tí a fi ọ̀nà àtijọ́ dí kí titun tó là, orí àwọn aláìní ni ó ń wó lé.

IV. IṢẸ́ TÍ OWÓ ỌWỌ́ Ń ṢE TÍ Ẹ̀RỌ KÒ TÍ Ì LÈ ṢE

Èkíní: owó ọwọ́ a máa parí ọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí a ń pè ní Òṣómàáló, àwọn tí ń tà aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Bí ọjọ́ sísan bá pé, oníṣòwò náà á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, á ní òun kò ní dìde títí òun yóò fi gba owó òun. Bí a bá sì ti ka owó náà lé e lọ́wọ́, ó ti parí nìyẹn. Kò sí ẹnì kẹta tí a tún ń dúró de ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Lónìí, ẹni tí ó bá fi ẹ̀rọ san owó ní ẹnì kẹta, àti ẹnì kẹrin pẹ̀lú: báńkì ti ẹni tí ó san, báńkì ti ẹni tí a san án fún, iléeṣẹ́ fóònù, àti iná mànàmáná. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kọ̀, ọjà kò tíì tà. Àwọn ẹlẹ́tàn sì ti rí àyè wọlé níbẹ̀: wọ́n ń fi álàátì ayédèrú han ìyálọ́jà, wọ́n á gbé ẹrù lọ, owó kò ní wọlé títí láé.

Èkejì: owó ọwọ́ kò ní iná mànàmáná í dúró dè. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì tí ó gba ìsàlẹ̀ òkun já ní etíkun ilẹ̀ Côte d'Ivoire, àwọn báńkì kan ní Nàìjíríà sì ní ìṣòro. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ilẹ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2025, iná kú káàkiri ilẹ̀ Spain àti Portugal. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìtajà, ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́ kò lè ra omi mímu. Ilẹ̀ Sweden ni ó kọ́kọ́ tẹ owó bébà ní Yúróòpù, ní ọdún 1661. Lónìí ó wà nínú àwọn tí ó fi owó bébà sílẹ̀ jù lọ ní ayé. Síbẹ̀, nínú ìwé ìmọ̀ràn tí ìjọba wọn fi ránṣẹ́ sí gbogbo ilé ní ìparí ọdún 2024, nípa ohun tí a óò ṣe bí ogun tàbí ewu bá dé, wọ́n gba àwọn ènìyàn níyànjú pé kí wọ́n ní owó ọwọ́ nílé. Bí àwọn tí iná kì í sábà kú lọ́dọ̀ wọn bá ń sọ bẹ́ẹ̀, kí ni kí àwa wí?

Ẹ̀kẹta: owó ọwọ́ kò bi ẹnikẹ́ni pé ta ni ọ́. Nínú ìwádìí tí iléeṣẹ́ EFInA ṣe ní ọdún 2023, àgbàlagbà 26 nínú 100 ní Nàìjíríà ni kò sí nínú ètò ìfowópamọ́ kankan, ìbáà ṣe ti báńkì, ìbáà ṣe ti fóònù, ìbáà ṣe ti àjọ. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe àlejò. Ìyá wa ni wọ́n, àgbẹ̀ tí ń gbin iṣu tí a ń jẹ ni wọ́n. Ẹni tí kò mọ ìwé kà lè fi àwọ̀ mọ bébà ₦200 yàtọ̀ sí ₦500. Ṣùgbọ́n bí a bá fún un ní káàdì, yóò ní láti sọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ kí ó tó lè ná owó ara rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: owó ọwọ́ mọ nǹkan kékeré í rà. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ àníní tí a sọ ṣáájú. Bí ẹnì kan bá ra ata ₦200, tí báńkì sì gba ₦10 lórí fífi í ránṣẹ́, ìdá ogún owó ata náà ti bá ọ̀nà lọ. Bí owó tí a fi ránṣẹ́ bá tó ₦10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìjọba náà a gba ₦50. Olówó kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tí ń jèrè ₦20 lórí ìdì ata kan yóò mọ̀ ọ́n. Ìṣòro tí fàdákà ní ní ọjọ́ àwọn baba wa ni ẹ̀rọ ní lónìí: kò tíì kéré tó láti bá tálákà lọ sí ọjà.

Ẹ̀karùn-ún: owó ọwọ́ a máa kọ́ni ní ìwọ̀n. Alájọ tí ń gba owó lójoojúmọ́, tí ó ń fi pẹ́ńsù fa ilà sí káàdì, ti ran ọ̀pọ̀ ìyá lọ́wọ́ láti rán ọmọ wọn lọ sí ilé ìwé, nítorí ojú ń rí i bí owó ti ń kúrò àti bí ó ti ń kóra jọ. Nínú ìsìn pẹ̀lú, ẹni tí ó fẹ́ fi ọrẹ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ lè fi í sínú àpò ìgbọrẹ láìsí orúkọ. Opó inú Ìwé Mímọ́ tí ó mú ẹyọ owó méjì wá kò nílò kí ìwé báńkì kankan kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

V. OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Nínú gbogbo ohun tí a ti sọ, ìdájọ́ tiwa nìyí: ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ẹ̀rọ dára fún owó ńlá àti ọ̀nà jíjìn. Owó ọwọ́ dára fún nǹkan kékeré, ọ̀rọ̀ kánjúkánjú, àti ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá kọ̀. Ẹni tí ó bá ti ọ̀kan pa, ó ti ọ̀nà mọ́ ẹnì kan. Nítorí náà a gbà yín níyànjú báyìí:

1. Kí olúkúlùkù ilé ní ìwọ̀nba owó ọwọ́ tí ó tó oúnjẹ àti owó ọkọ̀ ọ̀sẹ̀ kan, kí ó sì jẹ́ bébà kéékèèké. Kí ó má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a má ba à pe olè wọlé; kí a má sì ṣe máa polongo rẹ̀.

2. Kí ẹ̀yin oníṣòwò má ṣe kọ owó ọwọ́. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti kọ̀ láti gba náírà. Ìtanràn ₦50,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni ó fi lélẹ̀. Bákan náà, kí ẹ má ṣe lé oníbàárà olóòótọ́ tí owó rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ padà. Ṣùgbọ́n kí ẹ wo iye tí ó wà nínú àkáùntì yín kí ẹ tó fi ẹrù sílẹ̀, kí ẹ má ṣe gbára lé ohun tí ó wà lójú fóònù ẹlòmíràn.

3. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń fi POS ṣiṣẹ́, iṣẹ́ gidi ni ẹ ń ṣe, nítorí ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ẹ̀yin ni báńkì tí ó kù. Owó iṣẹ́ yín tọ́ sí yín. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí owó bá wọ́n, kí ẹ rántí pé ẹni tí ó wà níwájú yín kò rí ibòmíràn lọ. Ẹni tí ó fi ìyà ọmọnìkejì kọ́lé, ìlú kì í gbàgbé rẹ̀.

4. Kí àwọn ẹgbẹ́ àti àwọn ìjọ máa gba owó ní ọ̀nà méjèèjì, kí wọ́n sì máa kọ ìwé ẹ̀rí fún méjèèjì. Èyí tí ó ti orí ẹ̀rọ wọlé, kí ó gba inú àkáùntì ẹgbẹ́, kí ó má ṣe gba inú ti akápò fúnra rẹ̀, bí akápò náà tilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́.

5. Kí àwọn ọ̀dọ́ jókòó ti àwọn àgbà, kí wọ́n fi sùúrù kọ́ wọn ní ìlò fóònù, kí wọ́n sì kọ́ wọn pé a kì í sọ nọ́ńbà àṣírí fún ẹnikẹ́ni, títí kan ẹni tí ó ń kọ́ wọn. Ibi pẹlẹbẹ ni a ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ: wíwo iye owó tí ó kù ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́, kí wọ́n tó kọ́ fífi owó ránṣẹ́.

A kò rò pé owó bébà yóò wà títí láé. Owó ẹyọ pàápàá lọ. Ṣùgbọ́n owó ẹyọ kò lọ nítorí pé a fi òfin lé e. Ó lọ nígbà tí àníní dé ọwọ́ aláta. Ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá lè ra ata ₦200 láìgba nǹkan kan lórí rẹ̀, nínú òjò, láìsí iná, ní ọwọ́ ìyá tí kò mọ ìwé kà, ní ọjọ́ náà owó bébà yóò lọ ní àlàáfíà, ẹnikẹ́ni kò sì ní ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Kí ọjọ́ náà tó dé, ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀nà méjèèjì sílẹ̀ ní ṣíṣí.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Èéṣe tí owó ẹyọ kò fi tètè kúrò ní ọjà nígbà tí owó fàdákà dé? Irú ìṣòro wo ni ó jọ ọ́ lónìí?

2. Ẹ̀kọ́ wo ni ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 2018 kọ́ wa nípa kíkó owó jọ sí ojú kan?

3. Àwọn wo ni ìyà jẹ jù nínú ọ̀wọ́n owó ti ọdún 2023, kí sì ni ìdí rẹ̀?

4. Bí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ yín kò bá ní fóònù tàbí àkáùntì, báwo ni ẹ ṣe ń gba owó ẹgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìdójú tì í?

5. Mélòó nínú àwọn àgbà ilé rẹ ni ó ń sọ nọ́ńbà àṣírí káàdì wọn fún ẹlòmíràn? Kí ni ìwọ yóò ṣe sí i kí oṣù yìí tó parí?